Ọ̀rá Inú Ẹ̀jẹ̀ Kì Í Ṣe Ẹyọ Kan

Bí a bá pàdé ẹni tí a ti rí tipẹ́, tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kún, tí àgbọ̀n rẹ̀ sì ti di méjì, ohun tí Yorùbá máa ń wí ni pé, "O mà sanra o! Ayé ń yẹ ọ́." Oríyìn ni. Ẹni tí ó gbẹ, tí egungun àyà rẹ̀ ṣeé kà, ni a máa ń káàánú. Nínú àṣà wa, ọ̀rá kò jìnnà sí ọlá. Ẹran ọlọ́ràá ni a fi ń ṣe àlejò pàtàkì, ọbẹ̀ tí epo kò bá sì léfòó lórí rẹ̀, ọbẹ̀ aláìrówóná ni lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn. Nítorí náà, ó jọ mí lójú púpọ̀ nígbà tí mo ṣàkíyèsí pé ọ̀rọ̀ àjèjì kan ti wọ inú èdè wa, tí ó sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ̀rá di ọ̀tá. Kọlẹ́sitẹ́rọ́ọ̀lù ni ọ̀rọ̀ náà. Kò sí òde àríyá tí a lọ lóde òní tí a kì í gbọ́ ọ. "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ yọ ẹyin kúrò nínú tèmi, nítorí kọlẹ́sitẹ́rọ́ọ̀lù." Ìyá tí ń ta ìrẹsì mọ̀ ọ́n, awakọ̀ mọ̀ ọ́n, alága ìnáwó mọ̀ ọ́n. Ọ̀rọ̀ tí ó gùn tó báyìí, tí kò sì rọrùn láti pè, kì í tètè di ti gbogbo ayé. Ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù ikú ń kọ́ ahọ́n ní ohun tí ilé ẹ̀kọ́ kò lè kọ́ ọ.

Kò burú bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó ń kọ mí lóminú ni pé orúkọ olè kan ṣoṣo ni a mọ̀ nínú ẹgbẹ́ ọlọ́ṣà. Bí a bá ti wo ojú ọ̀nà tí a kò rí olè yẹn, a ó ti ilẹ̀kùn, a ó sì sùn lọ fọnfọn. Àwọn ọ̀rá mìíràn wà nínú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń ba iṣan ọkàn jẹ́, tí orúkọ wọn kò tíì dé ẹnu wa. Èmi kì í ṣe dókítà. Èdè Yorùbá ni mo ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ọ̀rẹ́ mi kan, àti ìròyìn kan tí ó ti London wọ inú ẹbí mi, ló mú mi jókòó ti àwọn onímọ̀, tí mo sì kà nípa ọ̀ràn yìí títí ó fi yé mi dé ìwọ̀n tí mo lè fi Yorùbá sọ ọ́.

Olùkọ́ ìṣirò ni ọ̀rẹ́ mi náà. Nígbà tí ó di ọdún 2017, ó pinnu pé òun kò ní jẹ́ kí kọlẹ́sitẹ́rọ́ọ̀lù pa òun. Ó dẹ́kun ẹyin jíjẹ, ó fi epo pupa sílẹ̀, ó sì sọ ẹran di ohun ọdún. Ẹni tí ó bá yọ nǹkan kúrò nínú àwo yóò fi nǹkan mìíràn dí i. Búrẹ́dì funfun àti tíì oníṣúgà márùn-ún ló ń jẹ láàárọ̀. Ọtí ẹlẹ́rìndòdò ìgò méjì ló ń mu lọ́sàn-án. Tí ilẹ̀ bá sì ṣú, ó ń lọ sábẹ́ igi ọ̀dán níbi tí wọ́n ti ń ta ẹmu. Bí mo bá fi ṣe ẹ̀fẹ̀, yóò dá mi lóhùn pé, "Ọ̀rá wo ló wà nínú ẹmu?" Òótọ́ ló sọ. Kò sí ọ̀rá kankan níbẹ̀.

Ní ọdún 2019, ó gba èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ìlà márùn-ún ló wà lórí ìwé náà. Àpapọ̀ kọlẹ́sitẹ́rọ́ọ̀lù jẹ́ 190 mg/dL. HDL, tí a ń pè ní kọlẹ́sitẹ́rọ́ọ̀lù rere, jẹ́ 32. LDL, tí a ń pè ní burúkú, jẹ́ 96. VLDL jẹ́ 62. Tíráígílísẹ́ráìdì sì jẹ́ 310. Wọ́n sọ fún un pé àpapọ̀ kò tó 200, LDL kò tó 100, nítorí náà kí ó máa bá ìṣe rẹ̀ lọ. Ó ra àpò búrẹ́dì lọ́wọ́ wálé. Oṣù mẹ́sàn-án lẹ́yìn èyí, bí ó ti ń máàkì ìwé ìdánwò, nǹkan fún un láyà, òógùn bò ó, apá òsì rẹ̀ sì ń ro ó. Ìkọlù ọkàn ni. Ọlọ́run yọ ọ́, nítorí aya rẹ̀ kò dúró ṣe àgbo kí ó tó gbé e dé ilé ìwòsàn.

Kí ìwé olókè márùn-ún yẹn tó lè yé wa, ẹ jẹ́ kí á ronú nípa epo àti omi. Ọmọdé tí ń fọ abọ́ mọ̀ pé àwọn méjèèjì kì í pò pọ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni omi ló pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀. Báwo wá ni ara ṣe ń gbé ọ̀rá láti inú ìfun àti ẹ̀dọ̀ dé gbogbo ibi tí a ti nílò rẹ̀? Inú ọkọ̀ ló ń kó o sí. Ẹni tí ó bá ti dúró ní etí omi ní Lọ́kọ́ja rí, níbi tí Odò Ọya àti Odò Bẹ́núè ti pàdé, yóò ti rí ọkọ̀ oríṣiríṣi lójú omi: èyí tí ó kún fún iṣu àti ìrẹsì dẹ́nu, àti èyí tí apẹja kan ṣoṣo ń tù. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọkọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ kò ṣe dọ́gba. Wọ́n kéré débi pé ojú lásán kò lè rí wọn, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ni wọ́n, ẹrù sì ni ọ̀rá.

Ẹrù náà pín sí oríṣi méjì pàtàkì. Kọlẹ́sitẹ́rọ́ọ̀lù ni ọ̀kan. Kì í ṣe májèlé rárá. Òun ni ara ń fi kún ògiri gbogbo sẹ́ẹ̀lì, kò sì sí ẹni tí ó lè wà láàyè láìsí i. Tíráígílísẹ́ráìdì ni èkejì. Òun ni ọ̀rá tí ara ń jó bí igi ìdáná kí a lè ní agbára. Òun náà ló wà nínú epo pupa, nínú òróró ẹ̀pà, nínú ọ̀rá ẹran, àti nínú ikùn tí ó yọ síwájú bí ìlù.

Lẹ́yìn oúnjẹ, àwọn ọkọ̀ ńlá tí ó kún fún tíráígílísẹ́ráìdì a máa ti inú ìfun jáde. Ẹ̀dọ̀ náà ń ran àwọn ọkọ̀ tirẹ̀ jáde, àwọn tí wọ́n ń pè ní VLDL. Bí wọ́n ti ń gba ẹ̀gbẹ́ ògiri iṣan ẹ̀jẹ̀ kọjá, àwọn alágbàṣe kan wà ní èbúté tí wọ́n ń já ẹrù wọn. Tíráígílísẹ́ráìdì ni wọ́n ń já. Kọlẹ́sitẹ́rọ́ọ̀lù kì í bá a sọ̀ kalẹ̀. Nítorí náà, ọkọ̀ a máa sún kì sí i, ohun tí ó kù nínú rẹ̀ a sì jẹ́ kọlẹ́sitẹ́rọ́ọ̀lù ní ọ̀pọ̀. Mo pe irú ọkọ̀ tí wọ́n ti já ẹrù rẹ̀ dé ìdajì yìí ní àṣẹ́kù ọkọ̀. Ẹ̀dọ̀ a máa gba púpọ̀ nínú wọn padà. Àwọn tí kò bá gbà, wọn a tún kéré sí i, wọn a di LDL.

Ibẹ̀ ni ewu ti bẹ̀rẹ̀. Ọkọ̀ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú ìfun jáde tóbi ju kí ó wọ inú ògiri iṣan lọ. Ṣùgbọ́n àṣẹ́kù ọkọ̀ kéré tó láti wọlé, LDL náà sì kéré tó. Bí wọ́n bá wọlé, wọn a há síbẹ̀. Àwọn ọmọ ogun ara a wá gbé wọn mì, wọn a jẹ àjẹyó, wọn a sì kú sójú ogun pẹ̀lú ẹrù nínú. Ọdún ń gorí ọdún, ibẹ̀ a di kókó nínú ògiri. Bí kókó náà bá bẹ́ ní ọjọ́ kan, ẹ̀jẹ̀ a dì lé e lórí, ọ̀nà tí ń bọ́ ọkàn a dí pátápátá. Àṣẹ́kù ọkọ̀ kan sì lè gbé kọlẹ́sitẹ́rọ́ọ̀lù tí ó pọ̀ ju èyí tí LDL kan gbé lọ.

Gbogbo ọkọ̀ tí ń há sínú ògiri yìí ló ní èdìdì kan lára, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní apoB. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní ẹyọ kan; kò sí èyí tí ó ní méjì. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ka èdìdì ti ka ọkọ̀. Èyí ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ fi ń wí lónìí pé bí a bá fẹ́ mọ ewu tí ń bọ̀, kí á ka iye ọkọ̀ tí ó wà lójú omi, kí á má ṣe wo ìwọ̀n ẹrù kan ṣoṣo. Ọgọ́rùn-ún ọkọ̀ kékeré lè kó ẹrù kan náà pẹ̀lú àádọ́ta ọkọ̀ ńlá. Ṣùgbọ́n ọgọ́rùn-ún yẹn ni yóò kọlu ògiri ní ìlọ́po méjì.

Ẹ jẹ́ kí á padà sí ìwé ọ̀rẹ́ mi. LDL 96 tí wọ́n yìn, ẹnikẹ́ni kò wọ̀n ọ́n. Ìṣirò ni wọ́n fi rí i. Ní ọdún 1972, Friedewald, Levy àti Fredrickson ní Amẹ́ríkà gbé ọ̀nà kan jáde: ẹ mú àpapọ̀, ẹ yọ HDL kúrò, ẹ sì yọ ìdá márùn-ún tíráígílísẹ́ráìdì kúrò pẹ̀lú. Bí a bá fi 5 pín 310, a ó rí 62. 190 dín 32 dín 62 a sì di 96. Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ kíyè sí ohun tí èyí túmọ̀ sí. Bí tíráígílísẹ́ráìdì bá ṣe ń ga sí i, bẹ́ẹ̀ ni LDL orí ìwé yóò máa wálẹ̀ sí i! Àwọn tí ó ṣe ọ̀nà náà mọ ibi tí ó kù sí, wọ́n sì kìlọ̀ pé bí tíráígílísẹ́ráìdì bá ti kọjá 400, kí á má ṣe lò ó. Ṣùgbọ́n 62 tí wọ́n yọ kúrò yẹn, kò kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Inú àwọn ọkọ̀ VLDL àti àṣẹ́kù wọn ló wà. Bí a bá yọ HDL nìkan kúrò nínú àpapọ̀, ohun tí ó ṣẹ́kù jẹ́ 158, ìyẹn gbogbo kọlẹ́sitẹ́rọ́ọ̀lù tí ó wà nínú àwọn ọkọ̀ tí ó léwu. Iye tí àwọn dókítà ń fẹ́ kò ju 130 lọ. Fún ẹni tí ewu rẹ̀ pọ̀, wọ́n ń fẹ́ kí ó kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyọkúrò kan ṣoṣo ni, kò sì ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀ lé. Inú mi dùn díẹ̀ pé èmi olùkọ́ èdè ni mo gbé ìṣirò náà tọ olùkọ́ ìṣirò lọ lórí ibùsùn rẹ̀. Ó wò ó, ó mí kanlẹ̀, ó ní, "Ọmọ kíláàsì kẹta lè ṣe èyí."

Ẹnìkan lè bi mí pé, ṣé ìmọ̀ tuntun ni? Rárá o. Ní ọdún 1913 ni Anitschkow ní Rọ́ṣíà fi kọlẹ́sitẹ́rọ́ọ̀lù bọ́ ehoro, tí iṣan wọn sì bàjẹ́. Láti ìgbà náà ni orúkọ ọ̀rá yẹn ti gbalẹ̀. Ṣùgbọ́n ní nǹkan bí ọdún 1950, Gofman ní Kalifọ́níà fi ẹ̀rọ tí ń yí bí òòyì ya àwọn ọkọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ó sì fi hàn pé kì í ṣe oríṣi kan ṣoṣo. Ní 1959, àwọn obìnrin méjì, Margaret Albrink àti Evelyn Man, kọ̀wé ní Amẹ́ríkà pé tíráígílísẹ́ráìdì ga lára ọ̀pọ̀ àwọn tí àrùn ọkàn mú. Kí ló dé tí a kò gbọ́? Tíráígílísẹ́ráìdì kì í dúró sójú kan. Oúnjẹ àná lè gbé e sókè. Kọlẹ́sitẹ́rọ́ọ̀lù dúró sójú kan, ó sì rọrùn láti wọ̀n. Nígbà tí ó di 1987 tí àkọ́kọ́ nínú àwọn oògùn statin gba àṣẹ títà ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n sì ń gba ẹ̀mí là ní tòótọ́, kò sí ẹni tí ó tún fẹ́ gbọ́ orúkọ mìíràn.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ìhà kejì, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé mo ń polówó oògùn. Ní 2022, wọ́n parí ìdánwò ńlá kan tí wọ́n ń pè ní PROMINENT, lára àwọn alátọ̀gbẹ tí ó lé ní ẹgbàárùn-ún, tí tíráígílísẹ́ráìdì wọn ga. Oògùn náà dín tíráígílísẹ́ráìdì wọn kù ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin. Síbẹ̀ ìkọlù ọkàn kò dín kù rárá. Nígbà tí wọ́n wo iye èdìdì apoB, kò wálẹ̀. Ńṣe ló tún lọ sókè díẹ̀. Oògùn náà já ẹrù, ṣùgbọ́n kò kó ọkọ̀ kúrò lójú omi. Ẹ wá wo àwọn mìíràn tí a bí pẹ̀lú àbùdá APOC3 tí kò ṣiṣẹ́. Ìwádìí kan tí ó jáde ní 2014 fi hàn pé tíráígílísẹ́ráìdì wọn fi nǹkan bí 39 nínú ọgọ́rùn-ún kéré sí ti ẹlòmíràn, àrùn ọkàn wọn sì fi nǹkan bí 40 nínú ọgọ́rùn-ún kéré. Ní tèmi, ohun tí èyí ń kọ́ wa ni pé tíráígílísẹ́ráìdì jọ èéfín ju iná lọ: bí a bá rí i, kí á wá àwọn àṣẹ́kù ọkọ̀ tí ó wà nídìí rẹ̀. HDL tí a ń pè ní rere náà ní ẹjọ́ tirẹ̀. Ní 2006, wọ́n dá ìdánwò oògùn kan tí ń gbé HDL sókè dúró lójijì, nítorí pé àwọn tí ń lò ó ń kú ju àwọn tí kò lò ó lọ. Ọ̀rọ̀ nípa rere àti burúkú yìí rọrùn fún ìwé ọmọdé ju fún iṣan ẹ̀jẹ̀ lọ.

Kí ló ń gbé tíráígílísẹ́ráìdì sókè, nígbà tí ọ̀rẹ́ mi kò jẹ epo? Ẹ̀dọ̀ ni. Ṣúgà tí ó bá pọ̀ ju èyí tí ara lè lò lọ, ẹ̀dọ̀ a sọ ọ́ di ọ̀rá, a sì fi í ránṣẹ́ sínú ẹ̀jẹ̀. Ọtí líle, bíà àti ẹmu náà ń ṣe iṣẹ́ kan náà, bẹ́ẹ̀ sì ni ikùn ńlá àti àtọ̀gbẹ tí a kò tọ́jú. Gààrí tí a fi ṣúgà pò, ẹ̀kọ mímu oníṣúgà, ọtí ẹlẹ́rìndòdò tí a fi ń ṣe àlejò, kò sí ìkan nínú wọn tí ó ní kọlẹ́sitẹ́rọ́ọ̀lù, gbogbo wọn ló sì lè di tíráígílísẹ́ráìdì. N kò wí pé kí ẹnikẹ́ni máa da epo sọ́bẹ̀ bí ẹni da omi o. Mo wí pé ẹni tí ó sá fún ẹyin tí ó sì fẹsẹ̀ kọ ìgò, ọ̀nà kan náà ló tún gbà padà.

Ohun kan tún wà tí ó kan àwa ènìyàn dúdú gan-an. Ní àwọn ọdún 1960 sí 1970, àwọn dókítà ní Ìbàdàn ń kọ ọ́ sínú ìwé pé ìkọlù ọkàn ṣọ̀wọ́n láàárín wa, kọlẹ́sitẹ́rọ́ọ̀lù wa sì kéré. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń pè é ní àrùn òyìnbó. Bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn onímọ̀ ti ṣàkíyèsí pé tíráígílísẹ́ráìdì ènìyàn dúdú sábà máa ń kéré ju ti aláwọ̀ funfun lọ, kódà nígbà tí àtọ̀gbẹ bá ti ń yọ́ bọ̀. Iye 150 tí wọ́n fi ṣe ààlà, ara òyìnbó ni wọ́n wò jù nígbà tí wọ́n ń fi í lélẹ̀. Ẹni tiwa tí tirẹ̀ bá wá dé 310, ìlù ńlá ni ara rẹ̀ ń lù yẹn. Ọ̀rẹ́ mi ń lo oògùn báyìí, ó ti fi ẹmu àti ìgò sílẹ̀, ó ń rìn dé ọjà lójoojúmọ́. Tíráígílísẹ́ráìdì rẹ̀ jẹ́ 138 nígbà tí wọ́n wò ó kẹ́yìn. Ó sì ti padà sí ẹyin, ọ̀kan láàárọ̀.

Ìròyìn tí ó ti London wá yàtọ̀ sí èyí. Ọmọ mi obìnrin kan ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì níbẹ̀. Ní ọdún 2023, ó ṣe àyẹ̀wò ọ̀rá kan tí n kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí, tí wọ́n ń pè ní Lp(a). Ọkọ̀ LDL ni, ṣùgbọ́n ó ní ìrù gígùn kan tí ó so mọ́ èdìdì rẹ̀. Kåre Berg ní Norway ló ṣàwárí rẹ̀ ní 1963. Nígbà tí wọ́n tú ìrù yẹn wò ní 1987, wọ́n rí i pé ó jọ èròjà tí ara fi ń yọ́ ẹ̀jẹ̀ dídì bí ìbejì ti ń jọra, ṣùgbọ́n kò lè yọ́ ohunkóhun. Ọkọ̀ yìí ń há sínú ògiri iṣan bí ti LDL, ó sì tún ń ba ilẹ̀kùn ọkàn jẹ́ lára àwọn kan. Àyẹ̀wò tí a ń ṣe lójoojúmọ́ kì í fi í hàn. Oúnjẹ kò lè dín in kù, eré ìdárayá kò lè dín in kù. Láti inú ẹ̀jẹ̀ bàbá àti ìyá ni a ti ń gbé e wáyé. Nǹkan bí ènìyàn kan nínú márùn-ún lágbàáyé ni tirẹ̀ ga jù. Nínú ìwádìí ńlá kan tí ó jáde ní Britain ní 2021, iye tí ó wà láàárín lára àwọn aláwọ̀ funfun jẹ́ 19 nmol/L. Lára àwọn ènìyàn dúdú, ó jẹ́ 75. Láti 125 sókè ni wọ́n ti ń kà á sí ewu. Ti ọmọ mi jẹ́ 240.

Dókítà rẹ̀ bi í pé, ǹjẹ́ ẹnikẹ́ni kú lójijì ní ọjọ́ orí kékeré nínú ìdílé yín? Ọmọ náà kò mọ̀. Ó pè mí lórí ẹ̀rọ ní alẹ́ ọjọ́ náà. Mo dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀ kí n tó lè dáhùn.

Bàbá mi kú ní 1979, ní ọmọ ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta. Láti oko ló ti ń bọ̀. Wọ́n bá a lẹ́bàá ọ̀nà pẹ̀lú àdá rẹ̀ lọ́wọ́. Àbúrò rẹ̀ kú ní 1988, lórí àga, kò tíì pé ọmọ àádọ́ta ọdún. Ọkùnrin alágbára mìíràn nínú agbo ilé wa tún lọ bẹ́ẹ̀ ní 2004. Kò sí àìsàn, kò sí ibà. Lójú ilé wa, irú ikú bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ti Ọlọ́run. Lẹ́yìn ikú kejì, wọ́n tọ́ka sí ìyàwó ìkẹyìn bàbá wa àgbà, obìnrin tí kò bímọ, tí ojú rẹ̀ sì pọ́n. Àǹfààní àlàyé kò sí. Mo ń kàwé ní ìlú òkèèrè nígbà náà. Nígbà tí mo dé, wọ́n ti kó ẹrù rẹ̀ síta, ó sì ti lọ sọ́dọ̀ àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Ègbẹ̀. Ibẹ̀ ló kú sí ní 1993. Ẹ̀rí kan ṣoṣo tí wọ́n ní sí i ni pé àwọn ọkùnrin ń kú tẹ̀lé ara wọn, àti pé ìdílé kan náà ni wọ́n.

Mo ṣe àyẹ̀wò tèmi. Wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ náà ránṣẹ́ sí Èkó, nítorí kò sí ibi tí wọ́n ti ń ṣe é nítòsí wa. Èsì rẹ̀ jẹ́ 198. Ọ̀dọ̀ tèmi ni ó gbà lọ sára ọmọ náà. Kò sí ẹni tí ó lè wọn ẹ̀jẹ̀ òkú, nítorí náà n kò lè búra pé ohun tí ó pa bàbá mi nìyí. Ẹ̀jẹ̀ ríru wà, tábà wà, ọ̀pọ̀lọpọ̀ nǹkan sì wà. Ṣùgbọ́n ohun tí ó jẹ́ ẹ̀rí lòdì sí obìnrin yẹn, pé ìdílé kan náà ni ikú ń bá jà, ohun kan náà ni ọ̀rá tí a ń jogún máa ń ṣe.

Ọ̀rọ̀ náà kò tán síbẹ̀. Àwọn àbúrò mi pọ̀, wọ́n sì ní ọmọ. Ní ọdún 2022, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ nípa àrùn iṣan ní Yúróòpù dámọ̀ràn pé kí gbogbo àgbàlagbà wọn Lp(a) ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan láyé wọn, nítorí kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Títí di ọdún 2025, àwọn oògùn tí a ṣe ní pàtó láti dín in kù ṣì wà lẹ́nu ìdánwò. Ẹni tí ó bá ní in lè ṣọ́ ẹ̀jẹ̀ ríru, kí ó jáwọ́ nínú tábà, kí ó sì jẹ́ kí dókítà dín àwọn ọkọ̀ yòókù kù gidigidi. Èyí tó ohun tí ó yẹ kí ènìyàn mọ̀ kí ó tó pé ọmọ ogójì ọdún. Mo sọ ọ́ fún olórí ẹbí wa. Ó fara balẹ̀ gbọ́ mi, nítorí àgbà ni. Lẹ́yìn náà ló bi mí pé, "Ìwọ tí o ń kọ́ àwọn ọmọ ní àṣà, o mọ ohun tí alárinà máa ń béèrè kí wọ́n tó fi ọmọ fún ọkọ?"

Mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Ọdọọdún ni mo ń kọ́ wọn. Wọn a béèrè bóyá ẹ̀tẹ̀ wà nínú ìdílé náà, bóyá wárápá wà, bóyá wèrè wà. Ọmọ àbúrò mi kan sì ń ṣe ìdána ní oṣù tí ó tẹ̀lé e. Bàbá náà ní ìdílé tí ó bá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé ẹ̀jẹ̀ òun lábùkù, ta ni yóò fi ọmọ fún un? Mo ní, "Ẹ jọ̀wọ́, Bàbá, ẹnìkan nínú márùn-ún ló ní in, ó ṣeé ṣe kí ilé ọkọ náà ní in ju tiwa lọ." Ó rẹ́rìn-ín, ó ní wọn kò tíì wọn tiwọn. N kò lè sọ pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò ní láárí. Ojú ni ó fi rí ohun tí ẹ̀sùn lè ṣe sí ọmọ ènìyàn nínú agbo ilé wa.

A wá pinnu pé kí n lọ sọ ọ́ fún ẹnìkọ̀ọ̀kan nínú yàrá, kí a má ṣe sọ ọ́ ní ìpàdé. Nínú àwa méje tí bàbá wa bí, mẹ́rin ti ṣe àyẹ̀wò, tèmi náà wà lára rẹ̀. Ti àwa méjì ga. Àbúrò mi tí tirẹ̀ ga ń mu sìgá fún ogún ọdún. Ó ti jù ú sílẹ̀ láti oṣù kẹta ọdún tí ó kọjá, inú rẹ̀ kò sì dùn sí mi. Ẹnìkan wí pé òun kò fẹ́ mọ̀. Mo gbà fún un.

Nípa ti obìnrin tí wọ́n lé jáde, mo bẹ olórí ẹbí pé kí a rán ènìyàn lọ sí Ègbẹ̀. Ó ní kí n kọ́kọ́ kọ lẹ́tà ní orúkọ ara mi, kí n má ṣe kọ ọ́ ní orúkọ ẹbí. Mo ti kọ ọ́ sí ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí ó gbà á sílé. Ojú ìwé méjì ni. Èsì kò tíì dé.